Rédíò Ọwọ́ Àwọn Ọdẹ Wa: Ohun Tí Wọ́n Ń Kọ́, àti Ìdí Tí A Fi Ń Sanwó Fún Un

  

Ní ìpàdé wa tó kọjá, ọ̀rọ̀ kan dá awuyewuye sílẹ̀. Akápò ń ka ìṣirò owó lọ, wọ́n dé ibi owó tí a fẹ́ san fún ẹni tí yóò kọ́ àwọn ọdẹ wa, àti àwọn ọmọ wa mẹ́fà tó ń bá wọn ṣọ́ iná, ní bí wọ́n ṣe ń lo rédíò ọwọ́, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní wọkí-tọkí. Ni màmá kan bá dìde láàárín àwọn aláṣọ, wọ́n ní: "Ṣé ọ̀rọ̀ sísọ náà la tún fẹ́ máa sanwó kọ́? Ta ni kò mọ ọ̀rọ̀ sọ nínú ọjà yìí?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Àwa náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ìbéèrè gidi ni màmá béèrè, a sì ṣèlérí pé a ó fi ojú ewé yìí dáhùn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí iná ọjọ́sí. Gbogbo wa la mọ̀ nípa rẹ̀, ṣùgbọ́n a ò tíì jókòó sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an.

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, ní nǹkan bí aago méjì òru, iná ṣẹ́ yọ ní ìlà àwọn oníke àti ẹlẹ́ní, lẹ́yìn ọjà. Rédíò ọwọ́ mẹ́rin ló wà lọ́wọ́ àwọn ọdẹ lóru ọjọ́ náà. Owó ẹgbẹ́ la fi rà wọ́n, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sì ń ṣiṣẹ́. Ọdẹ tó kọ́kọ́ rí iná pariwo sínú tirẹ̀: "Iná o! Iná o! Ó ń jó lọ́dọ̀ Ìyá Ìbejì!" Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, Ìyá Ìbejì mélòó ló wà nínú ọjà yìí? A ka méje kó tó rẹ̀ wá. Ọdẹ kejì sáré lọ sọ́dọ̀ Ìyá Ìbejì aláta níwájú. Ẹ̀kẹta sáré lọ sọ́dọ̀ Ìyá Ìbejì elépo. Ẹ̀kẹrin tẹ bọ́tìnnì láti béèrè pé èwo ni, ṣùgbọ́n ẹni àkọ́kọ́ ò tíì gbé ìka kúrò lórí tirẹ̀, ó ṣì ń pariwo, kò sì lè gbọ́ ìbéèrè kankan. Nígbà tí ọkọ̀ panápaná dé, ẹnu ọ̀nà iwájú ló dé sí. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé ẹ̀yìn ni iná wà, kò sì sẹ́ni tó rántí pé wọ́n ti ti géètì ẹ̀yìn pa. Ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ń gbọ́ ariwo nínú rédíò, àmọ́ kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Kí wọ́n tó fi òòlù já àgádágodo, ìsọ̀ mọ́kànlá ti jóná.

A dúpẹ́ pé ẹ̀mí kankan ò bá a lọ. Ṣùgbọ́n a mọ àwọn mọ́kànlá tí ọjà wọn jóná. Méjì nínú wọn ò tíì padà sídìí ọjà títí di bí a ṣe ń kọ èyí.

Rédíò wà, bátìrì wà, èèyàn wà, ohùn sì wà. Ẹ̀kọ́ ni kò sí.

RÉDÍÒ KÌ Í ṢE FÓÒNÙ

Nínú fóònù, ẹni méjì lè sọ̀rọ̀ pọ̀ kí wọ́n sì gbọ́ ara wọn, kódà bí wọ́n bá ń jà. Rédíò ọwọ́ ò rí bẹ́ẹ̀. Ó dà bíi kànga tó ní korobá kan ṣoṣo: bí ẹnì kan bá ń fà á, ẹlòmíì á dúró ná. Bí o bá tẹ bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ lò ń sọ, o ò lè gbọ́ ẹnikẹ́ni. Bí o bá jáwọ́, o ń gbọ́, o ò lè sọ̀rọ̀. Bí ẹni méjì bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn yòókù á gbọ́ ariwo lásán, tàbí kẹ̀ ohùn ẹni tó sún mọ́ wọn á bo ti èkejì mọ́lẹ̀. Èyí tó burú jù ni pé ẹni tí wọ́n bò mọ́lẹ̀ ò ní mọ̀. Á rò pé òun ti jíṣẹ́.

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé nígbà tí wọ́n bá ń kọ́ panápaná, ọlọ́pàá tàbí àwọn oníṣẹ́ áḿbúláǹsì ní rédíò, dídákẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń kọ́ wọn. Gbọ́ ná, kí o mọ̀ bóyá ẹlòmíì ń sọ̀rọ̀. Ro ohun tí o fẹ́ sọ kó tó dé ẹnu rẹ. Tẹ bọ́tìnnì, dúró díẹ̀ bí ẹni tó ń mí, kí o tó wá lanu. Dídúró díẹ̀ yìí ṣe pàtàkì ju bí ẹ ṣe rò lọ, nítorí pé rédíò máa ń gbà tó ìṣẹ́jú àáyá kan kó tó ṣí tán. Ẹni tó bá ń tẹ̀ ẹ́ tó sì ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ rẹ̀ á ṣòfò. Ẹ fi èyí sí èdè wa kí ẹ wò ó. Bí ọdẹ bá ní "Má ṣí géètì ẹ̀yìn," tí "má" bá ṣòfò, kí ló kù? "Ṣí géètì ẹ̀yìn." Ọ̀rọ̀ kékeré bẹ́ẹ̀ lè gba ẹ̀mí.

Kí wọ́n má sì pariwo. Ẹni tó bá gbé rédíò sẹ́nu bí ẹni fẹ́ jẹ ẹ́, tó ń kígbe, ohùn rẹ̀ á fọ́ ni. Ìwọ̀n ìka méjì tàbí mẹ́ta sí ẹnu, kí ó sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ẹni tó wà níwájú ìsọ̀ sọ̀rọ̀. Ó tó.

Lẹ́yìn náà ni ti pípe orúkọ. Orúkọ ẹni tí ò ń pè ló máa ń ṣáájú, kí tìrẹ tó tẹ̀ lé e: "Géètì iwájú, èmi ni Ìlà Ike." Ẹni tí a pè á dáhùn pé òun ń gbọ́. Ìgbà yẹn ni a óò tó sọ iṣẹ́. Ẹni tó gbà á á sì tún un sọ padà ní kúkúrú: "Iná wà ní Ìlà Ike, ẹ fẹ́ kí n ṣí géètì ẹ̀yìn. Mo ń lọ." Àwọn kan nínú wa sọ pé àsọtúnsọ yìí ń fi àkókò ṣòfò. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni nínú wa tó ń rán ọmọ lọ ra nǹkan tí kì í bi í pé "Kí ni mo ní kí o rà?" kó tó kúrò lẹ́nu ọ̀nà? Ohun kan náà ni.

MÉJE ÀBÍ MẸ́JỌ?

Olùkọ́ tó wá kọ́ wọn jẹ́ panápaná tó ti fẹ̀yìn tì. Ohun kan tí wọ́n fi hàn wá yà wá lẹ́nu. Wọ́n ní kí ọmọ wa kan dúró sẹ́yìn ọjà, kí ó máa pe nọ́ńbà ìsọ̀ sínú rédíò, kí èkejì máa kọ ọ́ sílẹ̀ níwájú, nígbà tí jẹnẹrétọ̀ ń dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Méje di mẹ́jọ. Mẹ́ta di mẹ́fà. Ẹsẹ̀ kẹsẹ̀ ni, kò sí ẹni tó ṣe é gbọ́ dáadáa. Èdè wa dùn, ṣùgbọ́n ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ ló gbé e dúró, inú rédíò tó ń pariwo sì máa ń gé gbogbo wọn jẹ.

Kì í ṣe èdè wa nìkan nìyí ń ṣẹlẹ̀ sí. Àwọn tó ń darí ọkọ̀ òfúrufú ní gbogbo ayé kì í sọ "nine" lásán, "niner" ni wọ́n ń sọ, kí ó má baà dàpọ̀ mọ́ "five". Láti ọdún 1956 ni wọ́n sì ti ń lo Alfa, Bravo, Charlie dípò A, B, C.

Ohun tí a fẹnu kò sí ni pé ìlà kọ̀ọ̀kan nínú ọjà á máa jẹ́ orúkọ ọjà tí wọ́n ń tà níbẹ̀: Ìlà Ike, Ìlà Ẹja, Ìlà Aṣọ, Ìlà Ata, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Nọ́ńbà tí a kùn sára ìsọ̀, wọ́n á máa pè é lédè Gẹ̀ẹ́sì, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, torí pé "sẹ́fẹ̀n" ò jọ "éètì" rárá. Ẹni tí kò bá fẹ́ràn pé a gbé Gẹ̀ẹ́sì wọ inú rẹ̀ kí ó bínú sí wa díẹ̀. Àmọ́ o, a ò ní gbà kí ẹnikẹ́ni pe ìsọ̀ ní orúkọ ìyá mọ́. Ó dópin.

NÍBI TÍ Ẹ̀KỌ́ YÌÍ TI WÁ

Ẹ má rò pé ọjà wa nìkan ni ojú ti rí èyí. Lọ́dún 1970, iná igbó jà ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà fún ọjọ́ 13. Èèyàn 16 ló kú, ilé tó lé ní 700 jóná. Panápaná wá láti ìlú oríṣiríṣi láti ran ara wọn lọ́wọ́, àfi bí wọ́n ṣe dé tí rédíò ìlú yìí ò bá ti ìlú tọ̀hún sọ̀rọ̀, tí ohun tí àwọn kan ń pè ní orúkọ kan, àwọn yòókù ń pè é ní òmíràn. Wọ́n jókòó lé ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn iná. Ibẹ̀ ni ètò tí wọ́n ń pè ní Incident Command System ti jáde, tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń lò báyìí. Ìpìlẹ̀ rẹ̀ ò le: ọ̀gá kan ṣoṣo níbi ìṣẹ̀lẹ̀, kí gbogbo èèyàn mọ ẹni tí òun ń jábọ̀ fún, kí ẹnì kan má ṣe ní ju èèyàn méje lọ tó ń jábọ̀ fún un tààrà, kí gbogbo wọn sì máa sọ èdè kan náà.

Ọlọ́pàá Amẹ́ríkà ti ń lo àdììtú nọ́ńbà lórí rédíò tipẹ́, bíi "10-4" tí ẹ máa ń gbọ́ nínú sinimá. Ó dára títí tí ìlú méjì fi pàdé, tí nọ́ńbà kan náà ń túmọ̀ sí nǹkan ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Láti ọdún 2006, ìjọba àpapọ̀ wọn ti fi dandan lé e pé bí iléeṣẹ́ tó ju ọ̀kan bá pàdé níbi ìṣẹ̀lẹ̀, ọ̀rọ̀ tó yé gbogbo èèyàn ni kí wọ́n sọ. Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ wa tó fẹ́ràn àdììtú, iná ni kí ẹ pè ní iná.

Èyí tó dùn wá jù nínú gbogbo ìtàn tí olùkọ́ sọ ni ti New York, ní ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án ọdún 2001. Ẹ rántí pé lọ́dún 1993, bọ́ǹbù ti bú nísàlẹ̀ ilé gogoro méjì yẹn rí, ìgbà yẹn ni wọ́n rí i pé rédíò panápaná kì í gòkè dáadáa nínú ilé tó ga tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n wá gbé ẹ̀rọ kan síbẹ̀ tó máa ń gba ohùn rédíò kékeré, tó sì ń fi agbára tún un gbé jáde kó lè dé òkè. Ẹ̀rọ náà wà níbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Bọ́tìnnì méjì ni wọ́n ní láti tẹ̀ kó tó ṣiṣẹ́ tán. Wọ́n tẹ ọ̀kan, wọn ò tẹ èkejì. Àwọn ọ̀gá dán an wò, wọn ò gbọ́ ohùn, wọ́n rò pé ó ti bàjẹ́, wọ́n sì fi í sílẹ̀ nínú ilé àríwá. Ìgbìmọ̀ tó wádìí ọ̀rọ̀ náà ló kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé wọn.

Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ku ìṣẹ́jú kan ni ilé gúúsù wó. Ọ̀gá pàṣẹ lórí rédíò pé kí gbogbo panápaná tó wà nínú ilé àríwá jáde. Àwọn kan gbọ́, wọ́n sọ̀kalẹ̀. Àwọn kan ò gbọ́. Àwọn kan wà lórí ṣánẹ́ẹ̀lì mìíràn. Àwọn kan ti parí iṣẹ́ tiwọn lọ́jọ́ náà, wọ́n kàn sáré wá ṣèrànwọ́ láìmú rédíò dání. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wà lókè ò tilẹ̀ mọ̀ pé ilé kejì ti wó. Ọlọ́pàá wà nínú hẹlikọ́pítà lókè, wọ́n ń rí bí ilé tó kù ṣe ń ṣe, wọ́n ń kìlọ̀ fún àwọn ọlọ́pàá ẹgbẹ́ wọn, ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ yẹn ò dé ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀gá panápaná. Ìṣẹ́jú 29 lẹ́yìn àkọ́kọ́, ilé kejì wó. Panápaná 343 ló kú lọ́jọ́ náà. A ò sọ pé rédíò nìkan ló pa wọ́n o. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú 29 pọ̀ fún ẹni tó bá gbọ́ pé kí òun sá.

Ìlú wọn lówó, rédíò wọn pọ̀. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ rí nìyẹn, ẹ̀yin tó ń sọ pé dípò ẹ̀kọ́, ká kúkú ra rédíò mẹ́rin sí i. Lójú tiwa, rédíò mẹ́jọ lọ́wọ́ ẹni tí kò kọ́ ọ, ariwo mẹ́jọ ni.

Nílé wa níbí náà, ta ni yóò gbàgbé ọjọ́ 27 oṣù kìíní ọdún 2002, nígbà tí ohun ìjà bú nínú bárékè àwọn ológun ní Ìkẹjà? Ọjọ́ Àìkú ni. Èèyàn tó lé ní ẹgbẹ̀rún ló kú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, kì í ṣe bọ́ǹbù ló pa wọ́n. Inú omi kànáàlì Òkè-Afá ni wọ́n sá sí nínú òkùnkùn, ìyá pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Wọn ò mọ ohun tó ń bú, wọn ò mọ ibi tó yẹ kí wọ́n sá gbà, ẹni tó wà níwájú ò lè sọ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn pé omi ló wà níbí. Ẹ jẹ́ ká fi ibẹ̀ sílẹ̀.

BÍ WỌ́N ṢE Ń KỌ́ WỌN

Olùkọ́ ò fi ìwé kọ́ wọn púpọ̀. Wọ́n mú ọmọ méjì, wọ́n fi aṣọ pín wọn níyà, wọ́n kó igo, òkúta àti ìdérí ike fún àwọn méjèèjì. Ẹni àkọ́kọ́ á to tirẹ̀ bó ṣe wù ú, á wá fi rédíò sọ fún èkejì kí ó to tirẹ̀ bákan náà láì rí i. Lọ́jọ́ kìíní, ohun tí wọ́n tò jọ ara bí ẹja ṣe jọ ẹ̀wà. Lọ́jọ́ kẹrin, ó bára mu.

Wọ́n tún ní kí wọ́n wọ ìbọ̀wọ́ tó nípọn, kí wọ́n di ojú, kí wọ́n wá fi ìka yí ṣánẹ́ẹ̀lì. Wọ́n á máa ka bó ṣe ń dún "kẹ̀, kẹ̀, kẹ̀" títí wọn á fi dé ibi tí wọ́n ń lọ, torí pé nínú èéfín, ojú ò ríran. Sàmù, tó jẹ́ pé òun ló máa ń fi rédíò béèrè lálẹ́ pé ta ló rí bàtà òun, ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n ṣe. A ò gbọ́ ọ̀rọ̀ bàtà mọ́ láti ìgbà náà.

Èyí tí wọ́n fi ọjọ́ kan gbáko kọ́ ni ọ̀rọ̀ ẹni tó wà nínú ewu. Gbogbo ayé ló ń lo "Mayday", tí wọ́n máa ń pè lẹ́ẹ̀mẹta. Òṣìṣẹ́ rédíò kan ní pápákọ̀ òfúrufú Croydon nílùú London ló dá a sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1920, ó mú un láti inú èdè Faransé tó túmọ̀ sí "ẹ ràn mí lọ́wọ́". Àwa fẹ́ fi "Ẹ̀mí! Ẹ̀mí! Ẹ̀mí!" rọ́pò rẹ̀. Olùkọ́ ò gbà. Wọ́n ní gbogbo èèyàn ló ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ pẹ̀lú "Èmi ni", àti pé nínú ariwo, ẹ̀mí àti èmi á di ọ̀kan. A gbà fún wọn. "Mayday" náà ni a óò máa lò.

Bí a bá gbọ́ ọ, gbogbo rédíò yòókù gbọ́dọ̀ dákẹ́. Ọ̀gá nìkan ni yóò bá ẹni náà sọ̀rọ̀, á béèrè ibi tó wà, ta ni, kí ló ṣẹlẹ̀ sí i, kí ló nílò. Lẹ́yìn náà ni ọ̀gá á ka gbogbo àwọn yòókù lórúkọ, tí kálukú á dáhùn, bí ìyá ṣe máa ń ka ọmọ kí ọkọ̀ tó gbéra. Ẹni tí kò dáhùn lẹ́ẹ̀mejì, a ń wá a nìyẹn.

OHUN TÓ KAN GBOGBO WA

Ẹni kan ṣoṣo ni yóò máa jókòó ti rédíò níwájú ọjà lóru, tí yóò máa kọ ohun tí wọ́n sọ àti aago tí wọ́n sọ ọ́ sínú ìwé. Òun náà ni yóò máa pe panápaná lórí fóònù. Nọ́ńbà 112 ni ti pàjáwìrì káàkiri orílẹ̀-èdè, ní ìpínlẹ̀ Èkó wọ́n tún ń lo 767. Bí ẹ bá rí iná tí ẹ ò sì rí ọdẹ kankan nítòsí, ẹ pè é fúnra yín, kí ẹ sọ ibi tó wà, ohun tó ń jó, bóyá èèyàn wà níbẹ̀, àti géètì tí ọkọ̀ lè gbà wọlé. Ẹ má ṣe já fóònù kí wọ́n tó ní kí ẹ já a. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá mọ̀ pé wọ́n ti pè wọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí gbogbo wa máa pe ẹgbọ́n, àbúrò àti ọkọ lẹ́ẹ̀kan náà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á há.

Ẹ̀yin kan ti ń béèrè bóyá ẹ lè ra rédíò tiyín sí ìsọ̀. Ìjọba ní òfin àti ìwé àṣẹ lórí ìgbì rédíò, NCC ló ń bójú tó o. Ẹ má ra nǹkan kan lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri, ẹ wá bá akọ̀wé ná.

Kọ́kọ́rọ́ géètì ẹ̀yìn ti di mẹ́ta báyìí. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ ọdẹ Ìlà Ike, ọ̀kan wà nídìí rédíò níwájú, ọ̀kan wà nílé Ìyálọ́jà. Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, àwọn ọmọ wa á máa ṣe ìdánrawò. Bí ẹ bá gbọ́ "Mayday" lọ́jọ́ yẹn, ẹ má sá. Ṣùgbọ́n kí ẹ palẹ̀ páálí àti àga yín mọ́ kúrò lójú ọ̀nà Ìlà Ike, nítorí pé a óò fi kẹ̀kẹ́ ẹrù wọn fífẹ̀ ọ̀nà náà, bóyá ọkọ̀ panápaná lè gba ibẹ̀ kọjá. Nígbà tí a wọ̀n ọ́n kẹ́yìn, kò gbà.